Ẹ̀fọ́ Ìlọrin Tí Kò Bẹ̀rù Òtútù

Bí ẹ bá dárúkọ Bàbá Bùnyámínù ní àdúgbò Openshaw lónìí, àwọn tó mọ̀ ọ́n á kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín ná, kí wọ́n tó rántí pé òkú là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ ìdíje ohun ọ̀gbìn ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Fàúsátù nìkan ni kì í tètè bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí ọjọ́ tí gbogbo ayé ń fi ṣe àwàdà yẹn, díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rù pa á níbẹ̀.

Bàbá ni ẹ̀gbọ́n ìyá Fàúsátù tó ti dolóògbé. Ilé rẹ̀ ni Fàúsátù ń gbé láti ìgbà tó ti Ìlọrin dé Manchester, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Kẹsàn-án, àwọn tó ń fi ilẹ̀ káńsù dáko ní àdúgbò wọn máa ń kó irè oko wọn wá sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí adájọ́ lè yẹ̀ wọ́n wò kó sì fún wọn ní ipò. Lọ́dún tí à ń wí yìí, òyìnbó kan gbé àlùbọ́sà tó tó orí ọmọ tuntun wá. Ẹlòmíràn gbé kárọ́ọ̀tì wá, ẹlòmíràn gbé elégédé. Bàbá wọlé tòun ti agbádá funfun àti fìlà, ó gbá ike ọ̀dà kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Igi kan wà nínú ike náà. Kò ga ju orúnkún lọ, ó ki, ó dúdú mìnìjọ̀, ewé rẹ̀ ya ìka bí àtẹ́lẹwọ́, òórùn rẹ̀ sì le débi pé àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbé imú sókè. Bàbá ti so rìbọ́ọ̀nù pupa mọ́ ọn nídìí. Ó wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sára páálí: “Ẹ̀fọ́ Ìlọrin.”

Ìdajì àwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn ló mọ ohun tó wà nínú ike yẹn. Àmọ́ gbogbo wọn ló ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí ẹnìkejì wọn má baà bi wọ́n níbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Adájọ́, ìyá àgbà òyìnbó kan tó wọ awò ojú, bẹ̀rẹ̀ síwájú igi náà. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dijú fún ìgbà díẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì fún un ní ipò kejì. Àlùbọ́sà ló gba ipò kìíní.

“Ipò kejì kẹ̀?” ni Bàbá pariwo. “Àlùbọ́sà tí gbogbo ayé ń gbìn? Níbo ni òdodo wà?” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tó máa bá òun dá ẹjọ́ náà bó ṣe tọ́. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sára Aaron, ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́pàá àdúgbò, tó wá bá wọn sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń jí kẹ̀kẹ́, tó sì ń jẹ kéèkì lọ́wọ́ nínú kọ̀rọ̀. “Ọ̀gá ọlọ́pàá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fojú ara yín wo ìrẹ́jẹ!”

Tíréè àkàrà tó wà lọ́wọ́ Fàúsátù ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó já bọ́ sílẹ̀ gbàràmù.

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀, ẹ ní láti kọ́kọ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa bọ́ọ̀sì ní Manchester kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Kánádà. Gbólóhùn kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: “Mi ò mọ̀.” Bí o bá bi í ní ọ̀nà, ó mọ̀ ọ́n. Bí o bá bi í ní ìtumọ̀ àlá, ó mọ̀ ọ́n. Bí o bá bi í ní ohun tí Ọlọ́run ò tíì dá, á ní èyí tó wà ní Ìlọrin dára jù ú lọ.

Lọ́jọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Adédàmọ́lá, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, bi í ní ọ̀nà ilé kan ní àdúgbò Hulme. Bàbá júwe rẹ̀ fún un kúnnákúnná: ya sọ́wọ́ òsì níbi ilé gogoro, gba abẹ́ afárá, ka ilé mẹ́ta. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti wó ilé gogoro ọ̀hún palẹ̀ tòun ti afárá rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, Adédàmọ́lá padà dé, òjò ti pa á bí ẹyẹ. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò rí ilé gogoro kankan.” Bàbá wò ó pẹ̀lú àánú. “Ọmọ mi, ọ̀nà tí mo júwe ò ṣìnà. Hulme ló ṣìnà.”

Ìdí iṣẹ́ oko ni tirẹ̀ le sí jù. Ó ti pinnu pé kò sí ohun ọ̀gbìn Ìlọrin tí kò ní hù fún òun ní Manchester. Lọ́dún tó kọ́kọ́ gbin ata rodo, ó kó o wọlé nígbà tí òtútù dé, ó tò ó sí pálọ̀, ó sì fi rọ́bà omi gbígbóná sí i lábẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn, Fàúsátù ń wá rọ́bà tó máa ń gbé sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá ní kó ṣe sùúrù. Èèyàn lè wọ ìbọ̀sẹ̀, ata ò lè wọ̀ ọ́.

Ata náà kú. Tẹ̀tẹ̀ kú, ilá kú, ewúro hù ní ewé mẹ́ta ó sì ronú pìwà dà. Bàbá ò gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ó ní irúgbìn tí kò bẹ̀rù òtútù lòun ń wá, ọjọ́ tóun bá rí i, ojú á ti gbogbo wọn.

James ló bá a rí i. Òyìnbó arúgbó ni James, oko tirẹ̀ ló pààlà pẹ̀lú ti Bàbá, eékún méjèèjì sì máa ń dùn ún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún, ó mú ike oògùn kan yọ lápò, ó rọra da hóró irúgbìn kan ṣoṣo sí àtẹ́lẹwọ́ Bàbá.

“Àbúrò mi tó ń gbé etí òkun ní Fleetwood ló fún mi,” ni James wí. “Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń ṣẹ́ gbogbo ohun tó bá ga. Èyí ò ga. Ó kúrú, ó ki, kì í dúró de oòrùn. Kí òtútù tó dé, ó ti parí iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó jẹ́?”

Bàbá ò tilẹ̀ wò ó dáadáa. “Mo mọ̀ ọ́n. Ó pọ̀ ní Ìlọrin. Ẹ̀fọ́ ni, ìyá mi máa ń sè é.”

James rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí Bàbá bá òun kí ìyá náà.

Ní àkókò yìí kan náà, ọkàn Fàúsátù ò sí lórí ẹ̀fọ́. Ọdún márùn-ún tó yẹ kó fi ṣiṣẹ́ lórí físà rẹ̀ ti pé, ó sì ti kọ̀wé sí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, pé kí wọ́n jẹ́ kóun máa gbé ìlú náà títí. Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù náà pé ṣé ó ti ní wàhálà kankan pẹ̀lú ọlọ́pàá rí. Ó fẹ́ dáhùn pé rárá, ó tún dáwọ́ dúró. Odidi wákàtí kan ló fi ronú bóyá ọjọ́ tó sùn lọ nínú tíráàmù, tó kọjá ibi tó yẹ kó ti bọ́ sílẹ̀, wà lára ohun tí wọ́n ń bi í.

Láàárín oṣù Keje, ó gbé oúnjẹ lọ bá Bàbá lóko. Kó tó dé ìdí ahéré ni òórùn kan kò ó lójú. Ó mọ òórùn náà dáadáa, nítorí gbogbo ìgbà ló máa ń bá a pàdé níbi tó ti ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ó wo igi kúkúrú tó dúró láàárín ẹ̀wà, ó gbé oúnjẹ sílẹ̀.

“Bàbá, kí lẹ gbìn síbẹ̀ yẹn?”

“Ẹ̀fọ́ ni.”

“Bàbá, igbó ni.”

Bàbá wo igi náà, ó wo gbogbo àyíká, ó tún padà wo igi náà. “Igbó kẹ̀? Igi kan ṣoṣo ló di igbó lójú tìẹ?”

“Igbó tí wọ́n ń fà ni mò ń wí! Èyí tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ mú èèyàn!”

“Àṣàbí,” ni Bàbá wí, oríkì tó máa ń pè é nìyẹn bó bá fẹ́ kó dákẹ́, “ìwọ tó ò ń sá fún ọ̀kẹ́rẹ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ewé?”

Láti ọjọ́ yẹn ni jìnnìjìnnì ti wọ ilé náà. Bí mọ́tò bá dúró níwájú ilé, àyà Fàúsátù á já. Bí fóònù bá dún, á kà á dé mẹ́wàá kó tó gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n kan ilẹ̀kùn gbà-gbà-gbà, ló bá dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn àga, ó ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ Kùránì tó bá sáà ti wá sí i lẹ́nu. Àwọn tó kanlẹ̀kùn bá tiwọn lọ. Nígbà tó yọjú, káàdì ni wọ́n ti sẹ́nu ọ̀nà: ẹrù rẹ̀ dé, wọn ò bá ẹnì kankan nílé. Ìrìn wákàtí kan ló rìn kó tó gbà á. Bàtà iṣẹ́ tó fúnra rẹ̀ rà ni.

Ó pinnu pé òun á gé e kúrò fúnra òun. Ó dúró de ọjọ́ Jímọ̀ kan tí Bàbá lọ kírun, ó fi sísọ́ọ̀sì sínú báàgì, ó gba oko lọ. Ó kù díẹ̀ kó dé géètì ló rí mọ́tò ọlọ́pàá. Aaron dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wo ahéré kan tí olè já, ó sì yíjú sí i.

“Ẹ káàsán o. Ẹ dúró ná.”

Orí Fàúsátù wú. Kó tó mọ̀, ó ti sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti nọ́ńbà páspọ́ọ̀tù rẹ̀. Ó ní tòmátì lòun fẹ́ gé. Ó ní òun ò gbé níbí, òun ń gbé níbí, ṣùgbọ́n kì í ṣe oko òun. Aaron tẹ́tí sí i títí tó fi parí.

“Ó dáa,” ló wí. “Mo kàn fẹ́ sọ fún yín pé okùn bàtà yín ti tú ni.”

Fàúsátù padà sílé láì wọ oko. Nígbà tí Bàbá dé, ó kúnlẹ̀ fún un ní pálọ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun. Bí wọ́n bá bá nǹkan yẹn lọ́wọ́ yín, ilé tí mò ń gbé ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Wọ́n á dá mi padà. Ọdún márùn-ún, Bàbá!”

Bàbá ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ṣí fìlà rẹ̀. “Kò sẹ́ni tó máa dá ọ padà níbi tí mo bá wà. Dìde.” Ó ní ọ̀rọ̀ ìdíje ni kí wọ́n máa sọ, pé elégédé lòun fẹ́ gbé lọ, kó bá àwọn dín àkàrà dání.

Elégédé tó sọ nìyẹn. Fàúsátù gbé àkàrà wọ gbọ̀ngàn, ó rí rìbọ́ọ̀nù pupa, ó sì mọ̀ pé ayé òun ti parí.

Aaron gbé kéèkì rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ike ọ̀dà náà, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ̀rọ̀ nínú kíṣínì.” Ó gbé ike náà lọ́wọ́. Bàbá tẹ̀ lé e, ó ṣì ń ṣàlàyé àbùkù àlùbọ́sà. Fàúsátù tẹ̀ lé wọn.

Ojú fèrèsé kan wà láàárín kíṣínì àti gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbé tíì fún èèyàn. Wọn ò rántí tì í. Gbogbo ẹni tó wá síbi ìdíje ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tò fún tíì.

“Sà,” ni Aaron wí, “igbó nìyí. Òfin ò gbà á. Ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bi yín dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ṣé ẹ mọ ohun tó jẹ́ nígbà tí ẹ gbìn ín, àbí ẹ ò mọ̀? Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ilé yín la máa lọ báyìí. A máa tú u, a sì máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀.”

Ojú rẹ̀ kúrò lára Bàbá, ó bọ́ sára Fàúsátù. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Fàúsátù mọ̀ pé ó ti rántí géètì, ó ti rántí ọjọ́ Jímọ̀, ó ti rántí tòmátì. Ó di etí síǹkì mú.

Bàbá gbé àyà sókè. Ẹnu rẹ̀ ti là. Fàúsátù rí gbólóhùn náà bó ṣe ń bọ̀, gbólóhùn tó ti ń sọ láti ọjọ́ tó ti dáyé: mo mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń wò ó.

Bàbá náà wò ó. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó di etí síǹkì mú gírígírí. Ó pa ẹnu dé, ó gbé itọ́ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

“Mi ò mọ̀,” ló wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò gbọ́.”

“Mi ò mọ̀!” Ohùn rẹ̀ ha. “Mi ò mọ̀ ọ́n rí láyé mi. Mo ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n. Ọmọ yìí ò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Oko mi ni, orúkọ mi ló wà nínú ìwé, èmi ni mi ò mọ̀.”

Òótọ́ pọ́ńbélé ni Bàbá sọ, Fàúsátù sì mọ̀ pé ì bá rọrùn fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ ká ní irọ́ ni. James ló ya àárín èrò kọjá, tó ki orí bọ kíṣínì. “Èmi ni mo fún un ní irúgbìn rẹ̀,” ló wí. “Mo béèrè bóyá ó mọ̀ ọ́n. Ó ní ẹ̀fọ́ ìyá òun ni. Ó yẹ kí n sọ fún un, ẹ̀rín ni ò jẹ́.”

Aaron fọwọ́ pa iwájú orí. Ó jáde lọ pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù. Láàárín ìgbà tó lọ àti ìgbà tó dé, Fàúsátù ti ka táìlì ara ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn arúgbó méjèèjì jókòó sórí àpótí wàrà, wọn ò wojú ara wọn.

Ó padà dé. Ó ní àwọn á gbé igi náà lọ, ọ̀gá òun á wá wo oko méjèèjì, Bàbá àti James á sì fọwọ́ sí ìwé ìkìlọ̀. Òun ò ní ìdí láti kọ orúkọ ẹlòmíràn. Ó ní kí Fàúsátù jókòó, pé ó dà bí ẹni tó fẹ́ dákú.

Bàbá fọwọ́ síwèé. Ó da bírò padà fún un. “Ọ̀gá ọlọ́pàá, ipò kejì ńkọ́? Ṣé ó ṣì jẹ́ tèmi?”

“Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, sà.”

Wọn ò jẹ́ kó sinmi lóko lẹ́yìn ìyẹn. Àgbàlagbà á gbé kábéèjì sókè láti òdìkejì ọgbà, á ní, “Bàbá, kí nìyí?” kí wọ́n lè tún gbọ́ “Mi ò mọ̀” lẹ́nu rẹ̀. Bàbá á máa kọ ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì sọ fún wọn ẹni tóun tìtorí rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí lẹ́tà Home Office dé nínú oṣù Kọkànlá, Fàúsátù ò lè ṣí i, Bàbá ló bá a ṣí i. Wọ́n ti gbà fún un. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a padà. “Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀,” ló wí, ó sì lọ sí yàrá rẹ̀. Ìgbà tí Fàúsátù gbé tíì lọ bá a, omijé ṣì wà lójú rẹ̀.

Oṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, lórí àga rẹ̀. Kò ṣàìsàn.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Àwọn ará mọ́sálááṣí pé, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni ò retí ni àwọn òyìnbó oko mọ́kànlá tó dé tòun ti ṣọ́bìrì wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú un wá. Fàúsátù dúró lọ́ọ̀ọ́kán pẹ̀lú Mọ̀nsúrát, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ń wo bí àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálááṣí ṣe ń kó iyẹ̀pẹ̀ sí ibojì, tí amọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì wọn. Àwọn òyìnbó náà ò lè fara dà á. Wọ́n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Lèmọ́mù, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n sì bá wọn dí i bí ẹni tó mọ ilẹ̀ Manchester nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Nígbà tó parí, James fi eékún tó ń dùn ún kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ́ iyẹ̀pẹ̀ orí ibojì náà, ó fọ́ ògúlùtu rẹ̀, ó tún un tẹ́ jẹ́jẹ́. Ó wá tẹjú mọ́ ọn.

“Ká ní ó ń wò wá ni,” ló wí, “á ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń ṣe é ní Ìlọrin.”

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Lèmọ́mù gbójú sápá kan, èjìká rẹ̀ ń mì. Kó tó pẹ́, gbogbo wọn ti ń rẹ́rìn-ín nínú òjò, ará mọ́sálááṣí àti ará oko, wọ́n ń di èjìká ara wọn mú kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú. Fàúsátù náà rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn ún, Mọ̀nsúrát ò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

Fàúsátù ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ nílé, oúnjẹ wà. Ó dúró títí wọ́n fi wọ mọ́tò wọn tán. Lẹ́yìn náà ló rìn dé ìdí ibojì, ó kó aṣọ rẹ̀ jọ, ó kúnlẹ̀ sórí koríko tútù bó ṣe máa ń kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láràárọ̀.

“Bàbá,” ló wí, “ẹ ṣeun, sà.”